Káàdì márùn-ún, owó ìyá mi, àti ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ àwọn tó bá mi san gbèsè

Káàdì márùn-ún ni. Mẹ́ta jẹ́ ti báńkì, ọ̀kan jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ẹ̀karùn-ún jẹ́ ti ibi tí mo ti ra bẹ́ẹ̀dì àti fíríìjì. Nígbà tí mo kó gbogbo ìwé wọn sórí tábìlì ní Lanham, Maryland níbí, lóṣù kìíní ọdún 2020, tí mo ro ó pọ̀, dọ́là 18,420 ni. Mo tún un rò. Iye kan náà ni.

Kì í ṣe fàájì ló kó mi sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní parọ́, aṣọ ẹbí wà níbẹ̀. Ìsìnkú bàbá mi ní Ìjẹ̀bú Igbó lọ́dún 2017 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: owó ọkọ̀ òfuurufú fún èmi àti ọmọ méjì, màlúù, kánópì, àti owó tí wọ́n ní ọmọ tó wà lókè òkun gbọ́dọ̀ mú wá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni jíà mọ́tò mi kú. Ìyókù, èlé ló bí i. Tí ẹ bá da káàdì márààrún pọ̀, èlé wọn tó ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Iye tó kéré jù tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ mi lóṣù jẹ́ 560, èlé nìkan á sì gbé bíi 414 nínú ẹ̀. Díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù tí mo fi dín gbèsè kù, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà màá ti tún fi káàdì kan náà ra ìrẹsì àti epo ọkọ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ sá lọ bá kọ́ ni mo fẹ́ yìn. Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ìpolówó wọn nígbà tí mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́. Wọ́n ní kí n má san kọ́bọ̀ fún báńkì kankan mọ́, kí n máa kó owó náà sínú àkáǹtì kan, tó bá sú àwọn báńkì, wọ́n á bá wọn dúnàádúrà títí wọ́n á fi gba ìdajì. Ó dùn létí. Ohun tí wọn ò tètè sọ ni pé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo gbèsè náà ni owó iṣẹ́ tiwọn, àti pé owó tí báńkì bá dárí jì ọ́, ìjọba Amẹ́ríkà sábà máa ń kà á sí owó tó wọlé fún ọ, o sì máa san owó orí lé e. Oṣù méjì péré ni mo fi tẹ̀ lé wọn, fóònù mi ò sì sinmi.

Ẹ rántí àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ tó ń tà láwìn láyé àtijọ́, tí wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó, tí wọn ò ní dìde àfi tí wọ́n bá gbà á. Àwọn ti ibí ò lóṣòó. Aago mẹ́jọ àárọ̀, ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà, ni wọ́n máa ń pè. Ó kéré tán, ojú Òṣómàáló lo máa rí, o lè fi omi lọ̀ ọ́.

Mo gba owó mi padà lọ́wọ́ àwọn orí rédíò yẹn. Láti ọdún 2010, òfin FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, kò gbà kí irú wọn gba owó iṣẹ́ nígbà tí wọn ò tíì yanjú gbèsè kankan. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló là mí lójú sí ìyẹn. Ojú tì mí gan-an kí n tó sọ fún wọn. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi náà san tèmi tán lọ́dún 2011. Lọ wá àwọn tí kì í ṣe torí èrè."

Wọ́n ní kí n wo inú NFCC, ẹgbẹ́ tí àwọn àjọ tí kò wá èrè, tó ń gbani nímọ̀ràn lórí gbèsè, para pọ̀ sí láti ọdún 1951. Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má torí pé wọ́n kọ "nonprofit" sára pátákó kí n fọkàn tán wọn. Òótọ́ ni. Germantown, ní Maryland wa níbí, ni AmeriDebt wà, tó pe ara ẹ̀ ní àjọ tí kò wá èrè, kí FTC tó gbé e lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2003, pé owó àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn rò pé àwọn ń san fún báńkì, àpò tirẹ̀ ló ń lọ. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi àwọn tí mo wá lọ bá ni pé, "Èló lẹ máa gbà, ìgbà wo lẹ sì máa gbà á?" Wọ́n dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: dọ́là 40 láti bẹ̀rẹ̀, 35 lóṣù. Mo tún bi wọ́n bóyá báńkì ń fún wọn lówó. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, báńkì máa ń yọ díẹ̀ fún àwọn nínú ohun tí àwọn bá bá a gbà. Wọn ò fi pamọ́, mo sì fẹ́ràn ìyẹn.

Ìjókòó àkọ́kọ́, lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ó gbà wá ju wákàtí kan lọ. Ọkùnrin kan tí ohùn ẹ̀ rọ̀ ló dá mi lóhùn. A ka owó ilé, iná, omi, epo ọkọ̀, oúnjẹ, ìdá mẹ́wàá. Gbogbo ẹ̀ ń lọ geere títí a fi dé orí dọ́là 300 tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Ó ní, "Ṣé ẹ̀bùn ni?" Mo ní rárá. "Ṣé gbèsè ni?" Mo ní rárá. Ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi ni, owó ilé ìwé ọmọ àbúrò mi ni, dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ ni nígbà míì. Kò sí ojú ibi tó máa kọ ọ́ sí nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀. Ó fẹ́ fi sábẹ́ ọrẹ àánú, mo sì mọ̀ pé ohun tó bá ti wọ abẹ́ ọrẹ àánú ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé. Mo ní kó kọ "ìyá" síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́.

Àjọ ló tún kàn. Àwa méjìlá là ń dá 200 lóṣù, èmi sì ti kó tèmi ní ìgbà kẹta. Ó ní ṣé mi ò lè dáwọ́ ẹ̀ dúró ná. Háà! Ẹni tó ti kó àjọ kì í dáwọ́ dúró, àfi tó bá fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ òun kọrin. Mo ṣàlàyé fún un, ó ní, "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbèsè nìyẹn náà. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ mọ́ gbèsè." N ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Oṣù mẹ́rin ló ṣẹ́ kù tí màá fi dá a, ó sì kọ ọ́ pé tí mo bá dá a tán, kí 200 yẹn di owó pàjáwìrì. Ohun tí mo sanwó fún lọ́dọ̀ wọn, ìmọ̀ràn yìí nìkan ti tó o, àfi pé ọ̀fẹ́ lèyí.

Ìṣòro kan ṣẹ́ kù tí kò lè bá mi yanjú: tí mi ò bá dín owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé kù, ìṣirò náà ò ní jáde. Mo pe àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa látọjọ́ yìí?" A fi sí 180, oògùn Màmá ò sì dín.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Kì í ṣe owó ni wọ́n yá mi. Wọ́n bá báńkì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, àwọn báńkì sì dín èlé kù. Ó wá bọ́ sí nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Káàdì márààrún ni wọ́n tì pa. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù, wọ́n á fa 442 nínú àkáǹtì mi, wọ́n á mú 35 wọn, wọ́n á pín ìyókù fún gbogbo wọn. Oṣù 54 ni wọ́n kọ síwèé. Gbèsè mọ́tò ò sí nínú ẹ̀, ìyẹn ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ já ìsanwó kan sílẹ̀, torí báńkì lè dá èlé àtijọ́ padà. Nígbà tí Kòrónà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún 2021, tí n ò lè lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìbẹ̀rù yẹn ju àìsàn lọ. Mo pè wọ́n, wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, ó tán.

Ẹ̀bi wọn wà o. Lóṣù àkọ́kọ́, báńkì kan ò tíì fọwọ́ sí ètò náà kí ọjọ́ ìsanwó tó pé, wọ́n sì bu 39 dọ́là lé mi fún pé mo pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pe àjọ náà, ogójì ìṣẹ́jú orin lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní àwọn á wò ó. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà sí báńkì kí wọ́n tó yọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ máa fọwọ́ ara yín san ti oṣù àkọ́kọ́ títí báńkì kọ̀ọ̀kan á fi fèsì. Ìkejì, kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi bó ṣe rí láti wà ní Amẹ́ríkà láìní káàdì gbèsè. Mo lọ síbi ìgbéyàwó ní Houston lọ́dún 2022, àwọn tó ń fi mọ́tò háyà kọ̀ mí lójú ọmọ mi. Máàkì kírẹ́dítì mi, èyí tí wọ́n fi ń wo bí èèyàn ṣe ń san gbèsè sí, náà sì já wálẹ̀ nígbà tí wọ́n ti káàdì pa. Ó tó ọdún kan ààbọ̀ kó tó gòkè padà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Èyí tó kù, orin ogójì ìṣẹ́jú yẹn ló gbé e lọ.

Nígbà tí ìjọba pín 1,200 fún wa lọ́dún 2020, gbogbo ẹ̀ ni mo dà lé gbèsè náà. Nínú 1,400 ti ọdún 2021, mo da 800 lé e. Ìyẹn ló jẹ́ kí n parí lóṣù kìíní ọdún 2024 dípò oṣù keje. Mo ti ń retí pé ẹnì kan á pè mí láti kí mi. Lẹ́tà olójú ewé kan ló dé. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, fíríìjì yẹn gan-an tó wà nínú gbèsè ọ̀hún. Láti ọjọ́ mẹ́ta yìí ló ti ń kùn bí ẹ̀rọ ọlọ, omi sì ń jò lábẹ́ ẹ̀. Mo ti padà sínú àjọ, oṣù kẹsàn-án ló kàn mí.