Gìtá mi ò kùn mọ́ o: ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Ojúẹlẹ́gbà

Ẹ̀yin onígìtá ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́. Mo gbé gìtá mi fún ẹnìkan kó bá mi pààrọ̀ píkọ́ọ̀pù inú ẹ̀ (ohun tó ń gbé ìró okùn lọ sí ámúpù), àtìgbà tó ti gbé e dé ló ti ń kùn hùùùn bí oyin, tí n bá ti tan ámúpù ní ṣọ́ọ̀ṣì gbogbo kọ́yà á yíjú sí mi, ó dùn mí gan-an.

Mo wá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Ojúẹlẹ́gbà. Bọ̀dá tó wà níbẹ̀ ò sáré tú nǹkan kan, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kan okùn gìtá, ariwo yẹn ò yí padà rárá. Wọ́n ní tó bá dínkù ni, a jẹ́ pé ááti ẹ̀ (wáyà ilẹ̀) ṣì wà, tèmi ti já nìyẹn. Lóòótọ́ sì ni, ẹni àkọ́kọ́ ò lẹ wáyà ááti mọ́ bríìjì (irin tí okùn gìtá so mọ́ nísàlẹ̀) padà! Wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì lẹ ẹ́, wọ́n tún fi bébà kọ́pà bo inú ihò tí píkọ́ọ̀pù wà kó lè dí ariwo, wọ́n so kọ́pà náà mọ́ ááti, torí tí ò bá kan ááti kò wúlò.

Tí mo bá lo píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, ó ṣì ń kùn díẹ̀, torí kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé) kan ló ní, ariwo iná NEPA (50 Hz) ló ń gbé. Àmọ́ ní ipò kejì àti ìkẹrin lórí suwíìṣì ẹ̀, níbi tí píkọ́ọ̀pù àárín ti ń bá òmíì ṣiṣẹ́ pọ̀, kẹ́kẹ́ pa, torí wọ́n wé kọ́ìlì ti àárín sódì, ariwo méjèèjì wá ń pa ara wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n dá ló di ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn ò dáa. Síbẹ̀, béèsì mi náà ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé.