Ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ ní Ìkòròdú: ẹ di káàdì yín mú dáadáa

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ibi tí ẹ lè máa gbé ọmọ ọwọ́ lọ fún ìwọ̀n àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ìkòròdú, ibùdó ìlera ìjọba tó sún mọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Èmi ni mo ń pọn ọmọ-ọmọ mi lọ sí tàdúgbò wa, torí Ìkẹjà ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í gba owó abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wa, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì ní sùúrù. Ṣùgbọ́n káàdì ọmọ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Lóṣooṣù, wọ́n á gbé ọmọ kọ́ sára òṣùwọ̀n, wọ́n á fi bírò tọ́ àmì sórí káàdì, wọ́n á sì fà á mọ́ ti oṣù tó kọjá. Ìgbà kan tí tiwa yàgbẹ́ gbuuru, tó sì ti dá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì kún lójú tèmi. Nọ́ọ̀sì wo káàdì, ó ní, "Màmá, ìlà yìí ò gòkè mọ́ o. Kí lẹ ń fún un jẹ?" Ó ní kí ògì má dá wà, ká máa lọ ẹ̀pà àti edé sí i, ká máa fún un ní ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀, ká sì fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kún ti ojúmọ́ títí ara rẹ̀ á fi bọ̀ sípò. Edé Èbúté ni mo rà. Nígbà tó ṣe, ìlà náà gbéra.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rí káàdì yẹn, torí ọ̀dọ̀ wa ló ti ṣẹ̀. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ láìwá èrè, ni dókítà David Morley wá ní 1956. Kò jókòó sí Iléṣà. Ó gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, níbi tí éèyí, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunrekánú ti ń pa ọmọdé. Apá dókítà ò lè ká gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn, nítorí náà àwọn nọ́ọ̀sì ló kọ́ láti máa tọ́jú wọn. Ìlà méjì ló fà sórí káàdì bí ojú ọ̀nà: ọmọ tí àmì rẹ̀ bá ń gba àárín rẹ̀ gòkè, ó ń dàgbà bó ṣe yẹ. Ọwọ́ ìyá ni káàdì ń wà, nínú ọ̀rá, kì í ṣe nínú fáìlì ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni káàdì náà ti tàn kárí ayé. Ní 1975, Wesley wà lára àwọn tó para pọ̀ di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí tàdúgbò wa tún ṣe ni pé fọ́tòkọ́pì ni káàdì àwọn ọmọ tuntun báyìí, ìlà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bí èrò bá sì pọ̀, wọ́n á kàn kọ nọ́ńbà síbẹ̀, wọn ò ní tọ́ àmì. Ẹ má tíì dìde. Ẹ sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fà á." Wọ́n á fà á. Ẹ tètè dé, torí ìjókòó ò pọ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rá wé káàdì nítorí òjò.