Wọ́n Fi Téèpù Wọn Kíṣìn Mi Lọ́jọ́ Sátidé: Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Owó Ìkọ́lé NHF

Mo ń gún iyán lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kan géètì. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wọlé, téèpù lọ́wọ́ kan, ìwé lọ́wọ́ kejì. "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Wọ́n ní kí n wá wọn ilé ni mà." Mo ní ta ló ní kó wá? Ó ní ilé-ìfowópamọ́ ni. Kí n tó gbé ọmọ odó sílẹ̀, ó ti na téèpù láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀ dé wíńdò. Ó wọn yàrá àwọn ọmọ. Ó wọn kíṣìn, ó sì ní kí n jọ̀ọ́ sún ìkòkò ọbẹ̀ kí téèpù lè kan ògiri. Mo sì sún un! Títí di òní, ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, pé èmi fúnra mi ni mo sún ìkòkò.

Ìyá ìbejì yọjú lórí fẹ́ǹsì: "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ ta ilé ni?" Kàbà kì í ṣe ìlú tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń dúró sójú kan. Kí ìsìn ọjọ́ kejì tó parí, ẹni mẹ́ta ti bi mí pé èló ni mo fẹ́ gbà.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mọ NHF (National Housing Fund), àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀: ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, àti pé ilé-ìfowópamọ́ tó ń yáni lówó ilé ni owó tí a bá yá níbẹ̀ ń gbà kọjá. Mi ò ní dárúkọ èyí tí mo lò ní Lọ́kọ́ja. Mílíọ̀nù 3 náírà ni mo gbà, ọdún 15, èlé ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èyí tó jẹ́ ₦25,316 lóṣooṣù. Ìwé ilẹ̀ nìkan gbà mí ní ọdún kan àtààbọ̀. Ilẹ̀ ẹbí ni, àwọn bàbá ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ ọdún 1978 kò mọ bàbá kankan yàtọ̀ sí gómìnà.

Mo san án fún ọdún mẹ́rin ó lé láìfi ọjọ́ kan jáfara. Nígbà tó yá, owó oṣù wa dúró fún oṣù mẹ́rin. Mo ta kaṣú oko bàbá mi, mo fi san oṣù méjì, mo sì jẹ oṣù méjì. Àdéhùn wa sọ pé ó di oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó lè gbé ọwọ́ lé ilé. Èwo wá ni ti téèpù?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́, a tẹ̀ lé ẹ̀yìn tírélà sìmẹ́ǹtì láti Òbájánà bí ẹni tó ń sìnkú lọ, síbẹ̀ mo débẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ń jẹ gúgúrú. Kò gbójú sókè. "Madam, ẹ lọ kọ lẹ́tà, ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá." Mo ní kí n rí mánéjà. Ó ní wọ́n wà ní mítìn. Mo ń wo mánéjà náà nínú gíláàsì: òun àti fóònù ẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ ń ṣe mítìn. Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi kọ̀wé sí mi kí wọ́n tó rán ènìyàn. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní wọ́n kọ ìwé mẹ́ta. Níbo? Ilé tí mo ti háyà tẹ́lẹ̀! Ilé tó jẹ́ pé owó tí àwọn fúnra wọn yá mi ni mo fi kúrò níbẹ̀.

Mo jókòó títí di aago méjì ọ̀sán. Bàbá kan ń kọjá lọ, ó gbọ́ ohùn mi, ó dúró. "Òkun o." Bí àwa ará Kàbà ṣe ń kí ara wa nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi. Látàárọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì kí mi.

Bàbá yìí gan-an ló fọwọ́ sí ìwé tó rán ọmọ téèpù sí mi. Òun ni olórí àwọn tó ń lé onígbèsè. Ó gba ìwé ìsanwó mi méjèèjì, ó wọ awò ojú, ó ń ka nọ́ńbà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. "Tíṣà, 17 ni àkáǹtì yín parí sí. 71 ni wọ́n san owó yín sí." Ẹnìkan wà níbì kan tó jí lọ́jọ́ kan tó rí i pé òun ti san gbèsè oṣù méjì. Ọlọ́run á bá a yọ̀.

Bàbá náà ya ìwé wíwọn ilé lójú mi. Ó fa gbèsè tó kù gùn di ọdún 15 mìíràn, owó oṣooṣù wá wálẹ̀ sí bíi ₦19,700. Ó tún kọ nọ́ńbà fóònù ara ẹ̀ fún mi, ó ní bí owó oṣù bá tún dúró, kí n pè é kí n tó jẹ oṣù kan ṣoṣo, pé ẹni tó bá tètè wá ni àwọn máa ń rí nǹkan ṣe fún. Mo gbàdúrà fún un dé Kàbà.

Lálẹ́ ni mo wá mú kalukulétọ̀. Fífà á gùn yẹn yóò ná mi ní bíi ₦450,000 lórí ohun tí ǹ bá san. Bàbá ò sọ ìyẹn. Mi ò sì bi í, ṣùgbọ́n ṣé èmi ló yẹ kí n bi í ni? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni owó tó ṣìnà fi padà sí àkáǹtì mi, wọ́n sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́ mi ní gbogbo àsìkò yẹn. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí ẹni tó bẹ̀ mí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ilé-ìfowópamọ́ náà. Mo mọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìfowópamọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń gba èlé tó lé ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé inú ilé mi ni mo jókòó sí tí mo ń kọ̀wé. Ìràwọ̀ kan tó kù, ọmọ téèpù ló mú un lọ.