Ọ́fíìsì lọ́yà tá a lò ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́: ilẹ̀ màámi, iṣẹ́ àbúrò mi àti ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù pé lọ́yà wo la lò lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ màámi, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ wọn ni mi ò ní kọ, àwọn fúnra wọn ló bẹ̀ mí, wọ́n ní òfin iṣẹ́ àwọn ò fẹ́ kí lọ́yà máa polówó ara ẹ̀ bí ẹni ń polówó ọjà. Ẹni tó bá nílò ẹ̀ lóòótọ́ kó wá inbox mi.

Ilẹ̀ ló gbé wa débẹ̀. Màámi ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Jagun, ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi dá àjọ kí wọ́n tó rí ₦900,000 tí wọ́n fẹ́ fi ra plọ́ọ̀tì kan lọ́nà Ìlọrin. Ọ̀gbẹ́ni tó fẹ́ ta á bá wa lọ, ó ti kọ risíìtì sílẹ̀, ó ku ká kówó fún un, a kàn fẹ́ kí lọ́yà bá wa tẹ àgírímẹ́ǹtì ni. Àǹtí lọ́yà ò tiẹ̀ mú bírò. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ilẹ̀ tiyín ni àbí ti ẹbí?" Ó ní ti ẹbí ni, àmọ́ apá tòun nìyẹn. Wọ́n ní ṣé wọ́n ti pín in, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ní ta ni olórí ẹbí, ó ní bàbá ti dàgbà, wọn kì í jáde mọ́. Àǹtí lọ́yà dìde, wọ́n ní, "Kò burú, àwa la máa lọ kí bàbá nílé."

Ọ̀kadà la gùn lọ sí agbo ilé náà lọ́jọ́ náà gan-an. Bàbá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́ ṣùgbọ́n etí wọn mú. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, wọ́n ní, "Ilẹ̀ wo? Ta ló ní ká tà á?" Mo rí màámi tí wọ́n fọwọ́ di ibi tí wọ́n fi owó sí lábẹ́ ìró mú, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Díẹ̀ ló kù kí owó ọdún mẹ́fà wọ́lẹ̀.

Àǹtí lọ́yà wá ṣàlàyé fún wa lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ ẹbí, tí olórí ẹbí bá dá a tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí tó kù mọ̀, àwọn yẹn lè gbé e lọ sí kóòtù kí kóòtù sì dá a padà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọmọ ẹbí ló tà á tí olórí ẹbí ò sí níbẹ̀, títà yẹn ò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá ni, bí ìgbà tí ẹnì kankan ò ta nǹkan kan ni. Risíìtì tó wà lọ́wọ́ èèyàn nígbà yẹn, ìwé lásán ni. Ó ju oṣù kan lọ kí ẹbí tó fẹnu kò, ṣùgbọ́n bàbá fọwọ́ sí i, ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìdí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú ẹbí, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, sì fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ tá a fẹ́ buwọ́ lùwé gan-an ni mo mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí mọṣẹ́. Màámi ò lè ka gẹ̀ẹ́sì. Àǹtí lọ́yà ka àgírímẹ́ǹtì náà ní Yorùbá láti òkè délẹ̀, wọ́n á kà díẹ̀, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ tún un sọ fún mi." Ibi tí wọ́n ti ka ààlà ilẹ̀ ni màámi ti ní rárá ọmọ mi, ọ̀nà kọ́ ló wà níhà ìlà oòrùn, ilé tí wọn ò tíì kàn lórùlé ló wà níbẹ̀, ọ̀nà wà níhà kejì. Wọ́n ṣí sọ̀feè, ìyẹn ìwé tó fi ààlà ilẹ̀ hàn, wò, òótọ́ ni! Wọ́n tún un tẹ̀ lójú wa. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé a ti kà á fún màámi ní Yorùbá, ó sì yé wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka, wọ́n ní òfin ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò kàwé. Màámi nu èlùbọ́ kúrò ní àtàǹpàkò wọn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sí íǹkì. Sítáǹpù NBA (ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà) tó ní orúkọ lọ́yà náà wà lórí ìwé wa, ẹ yẹ tiyín wò bóyá ó wà níbẹ̀.

Wọn ò sì tàn wá pé gbogbo ẹ̀ ti parí. Wọ́n ní láti 1978 tí òfin ilẹ̀ ti dé, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, àgírímẹ́ǹtì wa ṣì máa lọ sí Sẹkitéríàtì n'Íbàdàn láti gba àṣẹ gómìnà, owó tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe mú àbúrò mi lọ. Ilé búrẹ́dì kan ló ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin, wọ́n kàn pè é lórí fóònù pé kó má wá mọ́. Àǹtí lọ́yà ní ẹni tó ti lo ọdún 2 tí kò tíì pé 5, nótíìsì ọ̀sẹ̀ 2 ló tọ́ sí i tàbí owó ẹ̀, tó bá pé 5 ó di oṣù kan. Lẹ́tà kan ni wọ́n kọ, ilé búrẹ́dì náà sì san án pẹ̀lú owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́. Àǹtí lọ́yà ti sọ fún un ṣáájú pé kó má retí mílíọ̀nù o, torí tó bá di kóòtù àwọn òṣìṣẹ́ n'Íbàdàn, owó mọ́tò nìkan á jẹ gbogbo ẹ̀ tán.

Ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló dùn mí jù. Rẹ́jísìrì ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, ẹnì kan wá gbowó lọ́wọ́ wọn, ó gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ fún wọn ní kóòtù ìbílẹ̀. Wọ́n ti ń múra àtifẹ́ ẹlòmíì! Àǹtí lọ́yà wo ìwé yẹn, wọ́n rọra gbé e sórí tábìlì, wọ́n ní ìgbéyàwó rẹ́jísìrì, òfin ọdún 1970 ló wà nídìí ẹ̀, Háì Kóòtù ló lè tú u, pé lójú òfin, ìyàwó ọkọ wọn àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣì jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Wọn ò kánjú gbowó lọ́wọ́ wọn, wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá àtúnṣe ṣì wà níbẹ̀, wọ́n bi wọ́n nípa àwọn ọmọ, wọ́n ní kóòtù ò kàn ní kó ọmọ fún bàbá torí pé ó jẹ́ bàbá, ohun tó máa ṣe ọmọ láǹfààní ni wọ́n máa wò. Ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó: tí wọ́n bá wà ní kóòtù, ẹ ò lè rí wọn lórí fóònù rárá, ọjọ́ kan a jókòó láti aago mẹ́sàn-án dé aago kan, kò síná, ooru mú gan-an. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, orúnkún ń dun màámi, èèyàn méjì ló ń dì wọ́n mú gòkè. ₦5,000 ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ ẹni, mo kọ́kọ́ bínú sí i. Àmọ́ obìnrin kan wọlé tí ọlọ́pàá ti ọmọ ẹ̀ mọ́lé, tí kò ní kọ́bọ̀, wọn ò gba nǹkan kan, wọ́n júwe Legal Aid Council n'Íbàdàn fún un pé ìjọba ló gbé e kalẹ̀ fún ẹni tówó tó ń wọlé fún un ò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, wọ́n sì kọ ohun tó máa sọ sórí bébà fún un.

4 nínú 5 ni mo fún wọn. Ẹ lọ lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, wọ́n á ti dé láti kóòtù, ẹ mú ojúlówó ìwé yín dání pẹ̀lú fọ́tókọ́pì, torí ẹ̀rọ tiwọn ò ṣiṣẹ́ tí kò bá síná.