Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe ra ìwé àṣẹ iṣẹ́ ilé fún Ìlú Ọba lọ́wọ́ àjẹ́ńtì kankan

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọ̀nà láti lọ ṣiṣẹ́ nínú ilé ènìyàn ní Ìlú Ọba, yálà ọmọ títọ́jú ni o tàbí oúnjẹ sísè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò bá yín wá ọ̀gá tí yóò fún yín ní físà. Ọkùnrin kan tó ní ọ́fíìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Allen ní Ìkẹjà ti gba ₦2,300,000 lọ́wọ́ mi lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀. N kò dárúkọ rẹ̀ nítorí ẹjọ́ náà ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n inú mi kò tíì rọ̀, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́ fún àwọn ará ilé mi.

Díẹ̀díẹ̀ ló gba owó náà. Ó kọ́kọ́ gba owó fọ́ọ̀mù, ó ní ìdílé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti rí fọ́tò mi, wọ́n sì ti gbà pé èmi ni kí n wá tọ́jú ọmọ wọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló gba owó ohun tó pè ní ìwé onígbọ̀wọ́. Ìwé náà dé lóòótọ́: orúkọ mi wà lára rẹ̀, orúkọ ọkọ àti ìyàwó tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ pupa sì wà nísàlẹ̀. Nígbà tó ní ó ku owó ìkẹyìn, mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní Sùúrùlérè, mo sì ta firíísà tí mo fi ń ta ẹja. Firíísà tó ń bọ́ èmi àti ọmọ mi! Ó mọ ibi tí mo ti rí owó náà, nítorí èmi fúnra mi ni mo sọ fún un, síbẹ̀ ó tún ní kí n fi ₦50,000 kún un fún ẹni tí yóò bá wa sáré ọ̀rọ̀ náà. Ṣé ènìyàn nìyẹn?

Ìyá kan ládùúgbò wa, tó ń dáná fún ìdílé kan ní Ìkòyí tó sì máa ń bá wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà ìsinmi àwọn ọmọ, ló là mí lójú. Bí mo ṣe fi ìwé náà hàn án, ó ní, “Ìyá Tọ́ba, ìgbà wo lẹ bá àwọn ènìyàn yìí ṣiṣẹ́ rí?” Ẹni tó ti ń bá ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, ó kéré tán, kó tó kọ fọ́ọ̀mù, tó sì ti pé ọmọ ọdún 19, ni ìjọba Ìlú Ọba ń fún ní físà òṣìṣẹ́ inú ilé. Òun àti ọ̀gá náà, tàbí ọkọ, aya tàbí ọmọ ọ̀gá náà, ni yóò jọ rìnrìn àjò, ọ̀gá náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbé lóde Ìlú Ọba, tó kàn fẹ́ dé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, ìdílé tó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé kò lè fi físà yìí mú ẹnikẹ́ni wọlé rárá. Oṣù mẹ́fà péré ni, kò ṣeé fi kún, kò sì sí ohun tó kan ìwé onígbọ̀wọ́ níbẹ̀; lẹ́tà ọ̀gá àti àdéhùn iṣẹ́ tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí ni wọ́n ń béèrè. Ọkùnrin yìí sì sọ fún mi pé tí mo bá ti lo ọdún márùn-ún, n óò di ẹni tó lè máa gbé ibẹ̀ títí. Àwọn tó wọlé ṣáájú ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2012 ló ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọdún yẹn ló ń tà fún wa!

Àwọn kan yóò ní ojúkòkòrò ló mú mi. Bóyá ó yẹ kí n ti wádìí dáadáa, ṣùgbọ́n mo bá obìnrin tó pe ara rẹ̀ ní ìyàwó ilé náà sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ó dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi, ó sì bi mí bóyá mo mọ irun dì. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Àwọn tó jókòó hùmọ̀ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ló jẹ̀bi, kì í ṣe èmi tí mo ń wá oúnjẹ ọmọ mi. Bí mo bá sì gbé ayédèrú ìwé yẹn síwájú àwọn aláṣẹ ni, wọ́n lè má fún mi ní físà fún ọdún mẹ́wàá, òun yóò sì máa gba owó ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí mo padà lọ bá a, kò tilẹ̀ tijú: ó ní kí n mú ₦400,000 wá kí òun yí i sí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, bẹ́ẹ̀ láti 22 oṣù keje ọdún 2025 ni ìjọba ibẹ̀ ti dẹ́kun gbígba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkè òkun. N kò gba àjẹ́ńtì kankan gbọ́ mọ́, ì báà wọ kóòtù, ì báà gbé Bíbélì dání.

Orí gov.uk, ìkànnì ìjọba Ìlú Ọba, ni kí ẹ ti ka òfin físà fúnra yín. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n sì ń san owó rẹ̀. Ẹni tó bá ń kó ènìyàn lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Ẹ ní kó fi hàn yín. Ẹ má fi pásípọ́ọ̀tì yín sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ń sọ pé ẹ óò fi iṣẹ́ san gbèsè lọ́hùn-ún, ẹ fi tó NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, létí. Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó sí ọ́fíìsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Allen lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kó rìsíìtì yín jọ, kí ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, kí a lè jọ lọ bá àwọn ọlọ́pàá, nítorí bí mo ṣe ń dá nìkan lọ, ọ̀la ni wọ́n máa ń dá fún mi.