Ikọ́ tó pẹ́ lára: tọmọdé àti tàgbà
Iye ọjọ́ gan-an ò dọ́gba. Bí ọmọdé bá ti wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ, ó ti pẹ́. Ti àgbà di ọ̀sẹ̀ 8.

Ìró ikọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí lára ọmọdé. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá ń hó láyà rẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò sí àmì burúkú mìíràn, kòkòrò bakitéríà ló sábà máa ń fà á. Oògùn apakòkòrò ọ̀sẹ̀ 2 lè kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ bó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà, ilé ìwòsàn yá! Ẹ̀pà lè ti há sí ọ̀nà èémí.

Ní ti àgbà, ìbéèrè ló pọ̀. Ṣé ó ń mu sìgá? Ṣé oúnjẹ ń ru padà sí ọ̀fun rẹ̀ lóru? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wo ló ń lò? (Èyí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù.) Lisinopril àti ramipril lè fa ikọ́ gbígbẹ tí ń yún ni lọ́fun. Bí dókítà bá pààrọ̀ rẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ikọ́ náà tó lọ.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ní tiẹ̀ ò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà.