Ẹ ṣọ́ra fún epo "ògidì" inú kẹ́ẹ̀gì: wọ́n ti bu ọtí sí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀ àtijọ́ ní Houston, ẹ dákun, ẹ má ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní epo tí kò ní ethanol, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń bu sí epo ọkọ̀, lòun ń tà, àfi tẹ́ ẹ bá dán an wò lójú ẹ̀. Lójú ẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe ìgbà tó bá ti gba owó lọ. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ni mo rà, gálọ́ọ̀nù 30, dọ́là 9 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Dọ́là 270! Epo E10, èyí tí ethanol jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀, tí gbogbo ilé epo ń tà ní bíi dọ́là 3 nígbà yẹn, ni ọmọkùnrin tó tà á rọ sínú kẹ́ẹ̀gì pupa fún mi, ẹnu ẹ̀ sì dùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ògidì ni." Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni o.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ sílé epo: Houston àti Dallas wà lára ibi tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n máa ta àkànṣe epo nítorí èéfín, ethanol ló sì ń wà nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó rí E0, ìyẹn èyí tí kò ní ethanol rárá, ẹ máa rìn. Ibẹ̀ làwọn olè yìí ti rí ọjà. Wọ́n mọ̀ pé à ń wá a lójú méjèèjì. Mi ò gọ̀ o. Ó dáa, mo gọ̀ díẹ̀, torí omi àti ìgò lásán ni ìdánwò ọ̀hún gbà, mi ò sì ṣe é kí n tó sanwó.

Volkswagen 1971 ni ọkọ̀ náà, Ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀, kábúrétọ̀ Solex 34 PICT-3 ló wà lára ẹ̀. Ìjàpá ni mo ń wà, ọwọ́ ẹni tó ta epo fún mi lọgbọ́n Ìjàpá wà. Róbà epo tó ti pọ́ọ̀mpù lọ sí kábúrétọ̀ jẹ́ ti àtijọ́, èyí tí wọ́n hun òwú mọ́ lára. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí mo gbà pé E0 ló ń gba inú ẹ̀ kọjá. Ethanol yìí, ọtí àgbàdo ni, ògógóró ni wọ́n bu sí epo. Ó máa ń wọnú irú róbà bẹ́ẹ̀, róbà á wú, á rọ̀, tó bá wá gbẹ, á sán. Nígbà tí mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń tẹ̀ wọlé bí ẹran tó jinná jù, epo sì ń làágùn lára ẹ̀. Lórí ẹ́ńjìnì tó gbóná ni róbà yẹn wà o, nítòsí waya pọ́lọ́ọ̀gì! Magnesium sì wà lára irin tí wọ́n fi ṣe ikùn ẹ́ńjìnì Ìjàpá. Bí iná bá fi lè ràn án, kò sí omi tó ń pa á. Torí dọ́là 9!

Ti táǹkì tún wá burú jù. Epo E10 lè gba omi díẹ̀ mọ́ra, bí ìdá kan nínú 200. Nínú táǹkì Ìjàpá tó ń gba nǹkan bí lítà 40, ìyẹn ò ju 200 mílílítà lọ, ife tíì kan. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ọtí á fi epo sílẹ̀, á bá omi lọ sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an lẹ́ńjìnì ti ń fa epo mu. Oṣù mẹ́rin lọkọ̀ fi dúró. Nígbà tá a fa táǹkì gbẹ sínú ìgò, omi rúúrúú kan jókòó sábẹ́ epo, ìpẹtà pupa ń léfòó nínú ẹ̀. A tú kábúrétọ̀, lẹ́búlẹ́bú funfun bí ìyẹ̀fun ló wà nínú ọpọ́n ẹ̀, ohun tí ọtí àti omi jẹ lára irin nìyẹn. Jẹ́ẹ̀tì kékeré tí ẹ́ńjìnì fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ ti dí pátápátá, ihò ẹ̀ ò sì tó mílímítà kan. Dọ́là 640 ni mo san: kábúrétọ̀, pọ́ọ̀mpù epo, asẹ́, róbà, fífọ táǹkì. Ẹgbẹ̀ta dọ́là ó lé ogójì!

Mo pe ọmọkùnrin tó ta epo fún mi. Ó ní táǹkì mi ló dọ̀tí. Táǹkì mi!

Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ọmọkùnrin yìí kan náà ló ta ìgò oògùn kékeré kan fún mi ní dọ́là 18, tó ní ó ń "pa ethanol". Mo sì san án. Tí epo ẹ ò bá ní ethanol, kí loògùn ethanol wà fún? Kò sí oògùn tó ń yọ ethanol kúrò nínú epo. Àwọn kan lè dín ìpẹtà kù, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ariwo epo oní-methanol, ọtí olóró mìíràn, sọ ní Nàìjíríà lóṣù kejì 2022, a jókòó níbí à ń káàánú wọn.

Ìdánwò náà rèé, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, níbi tí kò síná. Ẹ wá ìgò gbọọrọ tó ní àmì mílílítà dé 100. Ẹ bu omi 10 sí i, ẹ fi epo kún un dé 100. Ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tú ọmọrí díẹ̀ kí gáàsì jáde, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ìlà omi bá ṣì wà ní 10, E0 ni. Tó bá gòkè, ọtí ló bá omi lọ. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 19. Àwọ̀ kẹ́ẹ̀gì kì í ṣe ẹ̀rí, òórùn kì í ṣe ẹ̀rí, "ẹ̀gbọ́n" kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ pààrọ̀ róbà sí èyí tí wọ́n kọ SAE 30R9 sí lára, oríṣi tí ethanol kì í tètè bà jẹ́, ì báà jẹ́ E0 lẹ̀ ń lò. Ẹ má fi E10 sínú ọkọ̀ tó máa dúró ju oṣù méjì lọ. E15, èyí tí ethanol ẹ̀ dé ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, ńkọ́? Ọkọ̀ 2001 sókè nìkan ni, ẹ wo àmì tó wà lára pọ́ọ̀mpù ilé epo. Tí họ́ọ̀sì kan bá ń fa oríṣi epo mẹ́ta, èyí tó ṣẹ́ kù látọ̀dọ̀ ẹni tó rà ṣáájú yín ló máa kọ́kọ́ jáde, ẹ rọ ìyẹn sínú ọkọ̀ mìíràn.

Èmi ò gba oníṣòwò kankan gbọ́ mọ́, àtẹni tó ń ta kábúrétọ̀ "tuntun" tí wọ́n kàn fọ̀, àtẹni tó ń ta róbà. Gbogbo wọn! Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ṣì kù sílẹ̀. Inú Camry ni mò ń rọ ọ́ sí, epo dọ́là 9, ó sì ń mu ún bí omi.